Ǹjẹ́ Ènìyàn Lè Jẹ Ewéko ní Gbèsè?

Àwọn àgbà ni wọ́n ń pa á lówe pé bí a bá gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Igi inú igbó ni òwe yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi mìíràn wà tí a fi ọwọ́ ara wa gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, tí a kò fi àdá kàn rárá, tí ó sì kú nítorí pé a gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ irú igi bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Ìbéèrè náà kò gùn: ǹjẹ́ ènìyàn lè jẹ ewéko ní gbèsè? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni gbèsè náà, báwo ni ó sì ti pọ̀ tó, nígbà tí ewéko kò ní ẹnu tí yóò fi sin ẹni tí ó jẹ ẹ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní ata kì í ṣe ènìyàn, tòmátì kì í ṣe àna ẹni, àti pé ohun tí a gbìn láti fi ṣe ọbẹ̀ kò lè di olówó ẹni. Òótọ́ ni pé èdè wa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe méjèèjì: a ń jẹ ẹ̀fọ́, a sì ń jẹ gbèsè. N kò gbé ẹjọ́ mi ka orí èyí, nítorí pé ìró ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí ojú mi rí ni ó gbé ìbéèrè náà sí mi lọ́kàn. N ó kọ́kọ́ rò ó, lẹ́yìn náà ni a ó wá máa jiyàn lé e lórí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, mo gba ilé kan ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́yìn ilé náà, kò ju ogún ìṣísẹ̀ ní òró àti mẹ́wàá ní ìbú lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ro ibẹ̀, mo kọ ebè pẹlẹbẹ, mo fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, mo gún igi ewúro mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà, mo sì gbin ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà méjì sí ibi tí omi ìwẹ̀ àwọn ará ilé ń gbà jáde. Gbogbo rẹ̀ ṣe dáadáa. Òjò ni ó ń ṣe iṣẹ́, èmi ni mo ń gba ìyìn. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, tí òjò àrọ̀kúrò ti dáwọ́ dúró, mo ṣí ọmọ ata rodo gbìn sí inú agolo ńlá méje, mo sì tò wọ́n sí orí ògiri kúkúrú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ òrùlé, kí ewúrẹ́ má baà dé ibẹ̀. Ní oṣù kejìlá, mo lọ ṣe ọdún Kérésìmesì ní ìlú wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé kí n tó padà.

Nígbà tí mo dé, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kò sí nílẹ̀ mọ́, nítorí pé a ti jẹ wọ́n tán kí n tó lọ. Ewúro ti wọ́wé díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà yè. Mẹ́fà nínú agolo ata méje ti gbẹ bí ewé tábà. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó tutù, tí ó tilẹ̀ ti ń yọ òdòdó. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní ilé náà, tí í ṣe ìyá onílé wa. Lẹ́yìn tí mo kí wọn tán, mo ní, “Ìyá, ẹ kò tilẹ̀ bá mi bu omi sí wọn?” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ṣé o fi wọ́n lé mi lọ́wọ́ kí o tó lọ ni, Tíṣà? Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi ni mo ń da omi ìṣanwọ́ sí. Àwọn tó wà nílẹ̀ ti wá omi fúnra wọn. Àwọn tí o kó sínú agolo, tí o tún gbé sábẹ́ òrùlé, ọwọ́ ta ni o fẹ́ kí wọ́n ti tọrọ omi?”

N kò rí èsì fọ̀. Mo kó àwọn mẹ́fà náà lọ sí ààtàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá náà kò bá wọn lọ.

Bí mo ti ń rò ó, mo rí i pé ìyá náà ti pín ewéko sí ọ̀nà méjì láìlọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ewéko inú igbó ń bọ́ ara rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ síbi tí omi wà, ewé rẹ̀ ń bọ́ sí ìdí ara rẹ̀, ó ń jẹrà, ó sì ń di ajílẹ̀ fún un. Òjò ń rọ̀ sí i, ìrì ń sẹ̀ sí i, bí ibì kan kò bá sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, irúgbìn rẹ̀ yóò hù sí ibòmíràn. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú ata, tí mo ṣí i kúrò ní ilẹ̀, tí mo gbé e sínú agolo, mo gba ọ̀nà omi lọ́wọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà tí mo gbé agolo sí abẹ́ òrùlé, mo gba òjò àti ìrì lọ́wọ́ ewé rẹ̀. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè òkè yìí nìyí: ohun tí a gbà lọ́wọ́ ewéko ni a jẹ ẹ́. Bí mo bá gba ọ̀nà omi lọ́wọ́ ata, mo ti jẹ ẹ́ ní omi. Nítorí náà, gbèsè ewúro tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró nílẹ̀ kéré, gbèsè ọ̀gẹ̀dẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀mí ata inú agolo ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e síbẹ̀.

Gbèsè yìí kì í dúró lójú kan. Ó ń pọ̀, ó sì ń dín, bí ọdún ti ń yí. Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, nígbà òjò àkọ́rọ̀, inú gbogbo ènìyàn ni ó máa ń dùn sí ilẹ̀. Irúgbìn kò wọ́n, ilẹ̀ rọ̀, ọkọ́ sì ń wọlé láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n òjò àkọ́rọ̀ a máa tan ènìyàn. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí irúgbìn hù, kí ó sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹni tí ó fọ́n irúgbìn nítorí òjò, tí kò sì ṣe tán láti gbé korobá omi, ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ gbèsè láti ọjọ́ kẹwàá.

Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, omi kì í ṣe ìṣòro mọ́. Iṣẹ́ àkókò yìí ni kí a la ọ̀nà fún àgbàrá, kí a fi ọ̀pá ti tòmátì kí èso rẹ̀ má baà jẹrà nílẹ̀, kí a fa díẹ̀ tu nínú tẹ̀tẹ̀ tí ó hù pọ̀ jù, kí a sì tu èpò. Níbí ni ẹni tí ó ń jiyàn yóò ti dá mi dúró. Yóò bi mí pé, bí a bá lè jẹ ata ní gbèsè, kí ni ti gbúre, ẹ̀bòlò, rínrín àti imí eṣú tí a ń fà tu láràárọ̀? Ìbéèrè gidi ni. Èsì mi ni pé a kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, a kò sì pè wọ́n wá. Fúnra wọn ni wọ́n wá, agbára ara wọn ni wọ́n sì fi ń dúró. Síbẹ̀, kí a má gbàgbé pé àwa ni a fún wọn ní orúkọ náà, èpò. Gbúre tí ó jẹ́ èpò nídìí ata ni ó ń di ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò máa wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ nù.

Ní oṣù kẹjọ, òjò a máa sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà a tún bẹ̀rẹ̀, a sì rọ̀ gan-an ní oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kẹwàá. Ìgbà yìí ni a ń gbin nǹkan lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà yìí náà ni ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n dúró, kí ó ro ẹ̀yìn ọ̀la, nítorí pé ohun tí ó bá gbìn nísinsìnyí yóò bá ẹ̀ẹ̀rùn pàdé. Ìdí ọ̀rọ̀ wà níbí. Tẹ̀tẹ̀ kì í pẹ́: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin a lè fà á tu, gbèsè rẹ̀ sì tán. Ata a máa gba oṣù mélòó kan kí ó tó so. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kì í sábà yọ èso tí a lè gé kí ó tó tó nǹkan bí ọdún kan. Ẹni tí ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ lónìí ti dá májẹ̀mú pẹ̀lú ọyẹ́ tí ń bọ̀, ìbáà mọ̀, ìbáà má mọ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé, tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn, ọ̀rọ̀ di ti ojú lásán. Òjò tí ó ń rọ̀ ní Ìbàdàn láàárín ọdún kan a máa tó nǹkan bí mìlímítà 1,200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń rọ̀ láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì kì í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Omi kànga ń lọ sílẹ̀, omi rírà ń wọ́n. Tata ń jẹ ewé tí ó bá ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ kò ní ògo kankan: kí a bu omi sí ìdí ewéko ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sán gangan, kí a da koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi náà padà, kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòji fún èyí tí ó ṣì kéré. Kò sí òdòdó tí ẹnikẹ́ni yóò yìn. Ọ̀la sì tún ń bọ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Nígbà òjò, kò sí ẹni tí kì í ṣe ológbà rere. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń ya ẹni tí ó fẹ́ràn ìgbìn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó fẹ́ràn ohun tí ó gbìn.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ohun tí a lè fi takò mí. Èkíní ni pé ewéko kò mọ ìyà, nítorí náà kò sí ẹni tí a ṣẹ̀. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ata ń mọ òùngbẹ bí ènìyàn ti ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í dúró lórí pé ẹni tí a jẹ mọ̀ ọ́n lára. Bí bàbá kan bá kú, tí ó fi ogún ọmọ ọwọ́ sí ìkáwọ́ àbúrò rẹ̀, ọmọ náà kò mọ̀ pé òun ní ogún, ẹni tí ó fi í sílẹ̀ kò sì sí láyé mọ́ láti bi í. Síbẹ̀, bí àbúrò náà bá jẹ ogún ọ̀hún, kò sí Yorùbá tí yóò sọ pé kò jẹ gbèsè nítorí pé kò sí ẹni tí ó sunkún.

Èkejì ni pé ohun tí mo fi owó mi rà, tí mo fi ọwọ́ mi gbìn, tèmi ni. Bí mo bá sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fà á tu jẹ, ẹ̀tọ́ wo ni n kò ní lórí rẹ̀? Ẹ wo ewúrẹ́. Bí ọjọ́ ọdún bá pé, olówó ewúrẹ́ a pa á, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní ìkà. Ṣùgbọ́n bí ó bá so ewúrẹ́ náà mọ́lẹ̀, tí ó rin ìrìn àjò, tí òùngbẹ sì pa á nídìí òpó, gbogbo àdúgbò ni yóò bú u. Ikú ni ikú í jẹ́, ewúrẹ́ náà sì jẹ́ ti ẹni tí ó ni ín ní ọ̀nà méjèèjì. Ohun tí ó mú ìyàtọ̀ wá ni okùn náà. Okùn ni ó gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ewúrẹ́, ẹni tí ó so okùn ni ó sì di ẹsẹ̀ fún un. Agolo ni okùn ata. Kíká ata ní àkókò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀, nítorí ìdí tí a fi gbìn ín nìyẹn. Gbígbàgbé rẹ̀ sínú agolo ni ọ̀dàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù, n kò sì ní fi ojú pa á rẹ́. Ẹnì kan lè sọ pé ewúrẹ́ ń jìyà, ata kò jìyà. Pé bí ata mi bá gbẹ, èmi ni mo pàdánù ọbẹ̀. Nítorí náà, àìgbọ́n ni mo hù, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo gbà pé ata àti ewúrẹ́ kò dọ́gba, mo sì gbà pé ata mẹ́fà kò tó ohun tí à ń pe ìpàdé lé lórí. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé àdánù ọbẹ̀ ni ohun tí ó dùn mí lọ́jọ́ náà. Owó ata mẹ́fà kò tó ohun tí ènìyàn ń dákẹ́ lé lórí. Ohun tí ó dùn mí ni pé mo ti ṣèlérí láìlo ẹnu, mo sì ti yẹ̀ ẹ́ láìsí ẹlẹ́rìí. Òwe wa kan sọ pé ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tí ó ní òun gbin igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Mo gbin ata méje, mo sì tọ́jú odo. Irọ́ méje ni mo gbìn, bí kì í bá ṣe ti omi ìṣanwọ́ ìyá àgbà. Ìwà tí ó bá lè pa ìlérí tì níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bi í, kì í dúró nídìí ata. Ó ń kọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Ǹjẹ́ gbèsè yìí ní òpin? Ó ní i. Bí omi kànga bá kù fún ènìyàn nìkan, ènìyàn ni kí ó kọ́kọ́ mu. Bí ìyá ẹni bá ń ṣàìsàn ní ìlú mìíràn, ẹni tí ó ní òun kò lè lọ nítorí tòmátì ti sọ ewéko di òrìṣà. Àti pé ewéko tí ó ti gbó, tí ó ti so tán, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kí a fà á tu kí ó di ajílẹ̀ fún èyí tí ń bọ̀. Ohun tí gbèsè náà ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ: kí a má gbìn ju ohun tí ọwọ́ wa lè tọ́jú lọ; kí a fi í lé ẹnì kan lọ́wọ́ bí a bá ń lọ; kí a sì ká a nígbà tí ó bá tó ká.

Èkíní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sábà máa ń ṣòro fún wa. Ní ọdún 1976, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí OFN kalẹ̀, tí ó rọ olúkúlùkù láti gbin oúnjẹ, ìbáà ṣe ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 1980, ètò mìíràn tí wọ́n pè ní Green Revolution ti rọ́pò rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Alhaji Ṣéhù Ṣàgàrí. Kì í ṣe ìmọ̀ ni a kò ní: láti ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lórí ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ àti èso, NIHORT, ti wà ní Ìbàdàn. Ìkéde lè mú kí ènìyàn gbìn, ìwé sì lè kọ́ ọ bí a ti ń gbìn. Kò sí ìkéde tí ó lè bu omi ní oṣù kìíní.

Àwa olùkọ́ kò sì gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí sí ti ológbà nìkan. Ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní gbòǹgbò. Àwa ni a ń ṣí i kúrò níbẹ̀, tí a ń gbé e sínú iyàrá ìkàwé, tí a ń gba èdè tí ó bá wá láti ilé lọ́wọ́ rẹ̀, tí a sì ń fi òmíràn lé e lọ́wọ́. Bóyá ó dára kí a ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá kò dára; àròkọ mìíràn ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá sì ti gbé ọmọ sí abẹ́ òrùlé tí òjò kò lè dé kò gbọ́dọ̀ máa yà á lẹ́nu pé ọmọ náà ń béèrè omi lọ́wọ́ òun.

Mo ṣì ń gbin ata. Mẹ́ta ni agolo mi nísinsìnyí, kì í ṣe méje. Bí oṣù kejìlá bá dé, kí n tó ti ìlẹ̀kùn, mo máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a jọ ń gbé ilé, mo máa ń fi agolo kọ̀ọ̀kan hàn án, mo sì máa ń bẹ̀ ẹ́. Kò nira. Omi ìṣanwọ́ lásán ni ó gba ata keje là, ó sì so títí òjò àkọ́rọ̀ fi tún dé. Gbèsè tí a jẹ ewéko kò tóbi, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni à ń san án.